Àlàmú Akọ̀pẹ àti Oyin Igbó Ṣíọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí etí ṣiṣẹ́, kí ẹnu sinmi. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ sùn sílé àna rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi hanrun gbè. Èmi Ọdẹ́sínà ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí nínú igbó tó kọ́kọ́ kí mi kó tó sá. Èmi tí mo bá ọ̀bọ du igi, tí ọ̀bọ fi igi sílẹ̀ fún mi tó ní kí n máa mú un lọ. Eyín mi ti kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó já nínú ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Mo ti rí iwin tó gbé orí rẹ̀ sábẹ́ apá bí ẹni gbé igbá. Mo ti bá egbére jẹun nínú àwo kan náà, ó sì jẹ ẹran mi. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé kí ló dá mi lágara jù nínú gbogbo ibi tí mo dé láyé, n kò ní dárúkọ iwin, n kò ní dárúkọ egbére. Àlàmú ni n óò dárúkọ. Àlàmú akọ̀pẹ, ọmọ Òkè-Àgbàrá wa níbí, ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó òpó ilé, tí ọkàn rẹ̀ kò sì tó èso ilá.

Kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i o. Nígbà kan rí, kò sí ẹni tó mọ ọ̀pẹ gùn tó o ní gbogbo agbègbè yìí. Bí Àlàmú bá fi igbà dira, ìyẹn okùn tí akọ̀pẹ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ igi, ẹ óò rò pé ọ̀pẹ ló ń bẹ̀rẹ̀ fún un ni. Ó di ọjọ́ kan, igbà já. Àlàmú ré lulẹ̀ gbì, ojú gbogbo ènìyàn ló sì ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, a dì í, ó jinná. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn kán nínú rẹ̀ tí a kò rí ibi dì. Láti ọjọ́ náà, kò tún fọwọ́ kan ọ̀pẹ mọ́. Bí wọ́n bá ní kó wá kọ ẹyìn, yóò ní kí wọ́n pe ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní kó wá bá àwọn ṣán oko, yóò ní àdá kò mọ òun lọ́wọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ burúkú kan ṣe wọ ìlú. Àwọn ọmọdé ló ń mú. Yóò fún ọmọ lọ́rùn títí ojú ọmọ yóò fi pọ́n bí osùn. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ewé ọmọ ní ìlú wa, Ìyá Eléwé, wo gbogbo wọn, ó gbọn orí. Ó ní ewé òun kò ká a. Ó ní oyin kan wà lókè àràbà tó dúró ní àárín Igbó Ṣíọ̀, oyin náà nìkan ló lè tú ọ̀fun àwọn ọmọ náà sílẹ̀.

Ọba ránṣẹ́ sí mi. Mo ní, “Kábíyèsí, bó bá ṣe ti igbó ni, ẹ ti rán an tán. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí, n kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ fún mi ní ẹni tó mọ igi gùn.” Ẹni kan ṣoṣo ló wà, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n.

Mo bá Àlàmú níwájú ilé rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ wọn Àjọkẹ́ sẹ́yìn, ọmọ náà ń wúkọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fa nǹkan yọ nínú rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

Àlàmú ní, “Bàbá ọdẹ, ẹ wá akọ̀pẹ mìíràn.”

“Níbo?”

“Ẹni tí ọ̀pẹ ilé gbé ṣubú, ṣé àràbà inú igbó ni kò ní gbé e ṣubú? Bí a bá débẹ̀, n kò ní lè gùn ún. Ẹ óò kàn fi mí fi ọjọ́ ṣòfò ni.”

Mo la ẹnu láti bú u, Àwẹ̀ró ló ṣíwájú mi. Kò bú u. Ó ní, “Baba Àjọkẹ́, ẹ gbọ́ bí ọmọ yín ṣe ń mí. N kò ní kí ẹ sọ pé ẹ lè ṣe é. Ẹ sáà máa tẹ̀lé Bàbá ọdẹ.” Ó wọ inú ilé, ó gbé igbà tuntun jáde, ó dì í sínú àpò ọkọ rẹ̀, ó sì kọjú sógiri kí a má baà rí omi ojú rẹ̀.

Àlàmú dìde. Bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà ló ṣe tẹ̀lé mi.

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Ọ̀nà tí mo bá gbà, ẹ kò lè gbà á. A dé ẹnubodè Igbó Ṣíọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ewé ibẹ̀ ló ń pòṣé sí ènìyàn. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọn a ní “Ṣíọ̀!” Bí o bá gbé tòsì, wọn a ní “Ṣíọ̀!” Èmi dá wọn lóhùn. Mo ní, “Ṣíọ̀ lórí bàbá yín náà! Ewé tí ewúrẹ́ ń jẹ, ta ni ẹ ń ṣíọ̀ sí?” Wọ́n sinmi díẹ̀. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, Àlàmú ti dúró, ó ń mi orí sí ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé àgbà ló ń bá a wí.

Ó ní, “Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, Bàbá ọdẹ.”

Mo ní, “Kí ni wọ́n sọ? Ṣebí ṣíọ̀ lásán ni!”

Ó ní, “Ó yé mi.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi wò ó!

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè náà ni iwin kan tí wọ́n ń pè ní Apágbọọrọ. Ó dúró ṣánṣán, ó sì ń họ gìgísẹ̀ ara rẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò ní bá wa jà, àlọ́ ni òun yóò pa fún wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì í yóò jẹ ìgbátí. Ó ní, “Ó ga ju ọ̀pẹ lọ ní òwúrọ̀, ó kúrú ju koríko lọ ní ọ̀sán. Bí o bá ń lé e, ọwọ́ rẹ kò ní tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ń sá fún un, kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Kí ni?”

Mo ní, “Èéfín.” Ìgbátí yẹn dún bí ìbọn. Mo ní, “Ejò.” Ó tún fọ́ mi létí. Mo ní, “Gbèsè!” Iwin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó jọ ọ́, ó sì tún gbá mi. Ojú mi wú bí èkuru, mo ń rí ìràwọ̀ ní ọ̀sán gangan. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́.

Mo yíjú. Mo ní, “Àlàmú, kí lo wí?”

“Kò sí nǹkan, Bàbá ọdẹ. N kò rò pé òun ni.”

“Mo ní kí lo wí?”

“Òjìji,” ni ó fi ohùn kékeré wí. “Mo máa ń rí tèmi nílẹ̀ bí mo bá wà lórí ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ òun.”

Apágbọọrọ ká apá rẹ̀ jọ, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Òun ni. Ẹ máa wọlé.”

Mo bi Àlàmú pé, “Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?”

Ó ní, “Láti ìgbà tó ti pa á.”

Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yìí. Apá òsì rẹ̀ kò bá ọ̀tún dọ́gba títí di òní.

A kò tíì rìn jìnnà sí ẹnubodè tí nǹkan kan fi yọ láti inú ihò òkìtì ọ̀gán. Kò tóbi ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú bàbá arúgbó ló ní, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì gún régé. Ó fò, ó jókòó sí èjìká Àlàmú bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ìwọ-Kẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Iwin yìí kì í pariwo, kì í bú ènìyàn. Ohùn pẹ̀lẹ́, bí ohùn àbúrò bàbá ẹni, ló fi ń sọ̀rọ̀.

“Àlàmú, o ní o fẹ́ gun àràbà. Ìwọ kẹ̀? Ṣebí ìwọ náà lo já níṣojú àwọn àna rẹ? N kò bú ọ o. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ara rẹ ni.”

Ohun tó burú nípa Ìwọ-Kẹ̀ ni pé kì í purọ́ tán. Yóò gbé òótọ́ kékeré síwájú, irọ́ ńlá yóò sì máa tẹ̀lé e bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí, orí Àlàmú ni ọta yóò kọ́kọ́ bà. Mo nawọ́ gán an, ọwọ́ mi la inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gán èéfín. Mo ní kí Àlàmú gbọ̀n ọ́n dànù. Ó ní, “Bàbá ọdẹ, kò kúkú sọ ohun tí n kò mọ̀.”

Bí a ṣe ń lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, a sì já sí ìlú kan. Ilé pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò ní òrùlé. Òkìtì bẹẹrẹ, koríko tí a fi ń bo ilé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ó ti ń hu olú. Gbogbo ará ìlú jókòó sórí àpótí nínú òjò, omi ń kán ní imú wọn. Kí-La-Ó-Ṣe ni orúkọ ìlú náà. Baálẹ̀ wọn, Ótisúmi, kí wa dáadáa.

Mo ní, “Baálẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò bo ilé yín, tí bẹẹrẹ sì kún ilẹ̀ báyìí?”

Ó ní, “Atẹ́gùn kan jà níjọ́sí, ó ká gbogbo òrùlé lọ. Bí a bá tún un bò, ṣé atẹ́gùn ti kú ni?”

“Ṣùgbọ́n òjò ń pa yín!”

“Òjò tí yóò dá.”

“Bó bá tún rọ̀ ńkọ́?”

Ó na ìka sí mi, inú rẹ̀ dùn. “Ẹ̀yin náà kúkú ti mọ̀ ọ́n. Yóò tún rọ̀. Kí la ó ṣe?”

Inú bí mi débi pé òjò tó ń kàn mí lórí ń yọ èéfín. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti gbé àpótí fún Àlàmú, ó ti jókòó, obìnrin kan ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, Ìwọ-Kẹ̀ ti ká ẹsẹ̀ pọ̀ ní èjìká rẹ̀. Àlàmú ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò tíì rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé.

Ó ní, “Bàbá ọdẹ, ibí yìí tura. Wọn kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi.”

Mo wo ìdí rẹ̀. Yéè! Gbòǹgbò ti ń hù láti ìdí rẹ̀ wọ inú àpótí, àpótí náà sì ti ń ta gbòǹgbò wọlẹ̀. Mo fà á, kò mì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo rán an létí ọmọ rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, “Ẹ bá mi kí Àwẹ̀ró. Ẹ ní mo gbìyànjú.”

Gbìyànjú! Ẹni tó jókòó!

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí báyìí, ọ̀nà àgbà ni à ń tọ̀. Mo wá ibi tí mo lè fi aṣọ bò kúrò lọ́wọ́ òjò, mo ṣáná, mo fẹ́ ẹ títí ó fi ràn. Mo wa ẹyinná pípọ́n, mo fi aṣọ ṣíji bò ó, mo rọra tì í sábẹ́ àpótí Àlàmú. Ẹ̀yin ará, ẹ kò rí i bí gbòǹgbò ṣe ń já! Àlàmú ké “Yéè, ìdí mi!” ó fò sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ eré. Bí ó ti ń sáré ni mo ń tẹ̀lé e. Baálẹ̀ ń pè wá lẹ́yìn pé kí ni à ń bá sáré. A kò dúró títí a fi dé ìdí àràbà.

Àràbà náà dúró sétí ọ̀gbun kan tí ènìyàn kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ga débi pé àwọsánmà ń fara kan án lọ́rùn. Lókè réré ni ihò oyin wà, àwọn kòkòrò oyin ń ròkè ròdò níbẹ̀ bí ọjà tó kún.

Àlàmú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó.

Mo ki í. Mo ki bàbá rẹ̀, mo ki bàbá bàbá rẹ̀. Ìwọ-Kẹ̀ ní, “Bàbá rẹ kì í já.” Mo bú u. Mo ní ojú ni ọ̀lẹ, kó má wo òkè, láti ìdí la ti ń gun igi. Ìwọ-Kẹ̀ ní, “Ìdí náà lo ti gun ti ìjọ́sí.” Gbogbo òwe tí mo fi gbá a ló ń fi òmíràn dá padà. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, èmi Ọdẹ́sínà! Agara dá mi dé mùdùnmúdùn. Mo já àpò gbà lọ́wọ́ Àlàmú, mo yọ igbà tuntun náà, mo so kèrègbè tí a gbé wá gba oyin mọ́ ìdí, mo ní, “Jókòó síbẹ̀. Èmi yóò gùn ún.”

Àlàmú ní, “Bàbá ọdẹ, bí wọ́n ṣe ń so igbà kọ́ nìyẹn.”

Mo ní, “Pa ẹnu rẹ mọ́!”

Mo gùn ún o. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gùn ún kọjá ẹ̀ka àkọ́kọ́, mo kọjá èkejì. Ibẹ̀ ni igbà ti yọ̀. Mo dojú délẹ̀, ṣòkòtò mi há mọ́ ẹ̀ka kan, ọ̀gbun la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ mi, mo sì ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń ya díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọdẹ tí mo ti ń ṣe láti kékeré, n kò mọ̀ pé ohùn mi lè dún bẹ́ẹ̀. Mo ké, “Àlàmú o! Mo kú o!”

Mo ń wò ó láti òkè, orí mi nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi lókè. Ó ti dìde. Kò wo àràbà. Ó já okùn igbó, ó fi eyín ya á, ó ń lọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni okùn ń di igbà. Ìwọ-Kẹ̀ ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀, ó ń yára sọ ọ́: “Ìwọ kẹ̀? Yóò já. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ óò kú. Ìwọ kẹ̀?”

Àlàmú ju igbà yí igi ká. Ó ní, “Máa sọ ọ́. Mo ń gbọ́. Ọwọ́ mi dí.”

Ó sì gbé ẹsẹ̀ lé igi.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí ṣòkòtò mi ku fọ́nrán díẹ̀. Ó gbá mi mú, ó yí mi padà, ó jókòó mi sórí ẹ̀ka, ó fi igbà mi so mí mọ́ igi bí ìyá ṣe ń so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Òógùn bò ó. Ó wo ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Ó ní, “Bàbá ọdẹ, ibi tí a wà yìí ga ju ibi tí mo ti já lọ.”

Gbogbo ìwàásù tó wà nínú mi ló rọ́ wá sí ètè, mo fi eyín há ahọ́n mi. Mo kàn tú kèrègbè kúrò ní ìdí mi, mo nà án sí i.

Ó pẹ́ kó tó gbà á. Lẹ́yìn náà ó wo òkè, kò wo ibi tí oyin wà, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kàn ṣáá. Ó gbé ẹsẹ̀. Ó dúró, ó mí. Ó tún gbé ẹsẹ̀. Báyìí ló ṣe ń lọ títí n kò fi rí ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, Ìwọ-Kẹ̀ ṣì wà ní èjìká rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Mo gbọ́ tí oyin ru, mo gbọ́ tí Àlàmú ń kérora bí wọ́n ṣe ń ta á. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú ju tèmi lọ, oyin sì ń ṣàn lẹ́nu kèrègbè.

Bí a ṣe kanlẹ̀, Ìwọ-Kẹ̀ ní, “Èèṣì ni.”

Àlàmú nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ó lè jẹ́ èèṣì. Oyin ti wà nínú kèrègbè.”

Mo rò pé iwin náà yóò kú tàbí kó pòórá. Kò kú o. Ó bá wa dé ẹnu odi ìlú, ó ṣì ń sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò dá lóhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa fúyẹ́.

Òkè-Àgbàrá dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí a wọlé. Àwẹ̀ró sáré pàdé wa, Àjọkẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì ń wúkọ́, ó ṣì ń mí. Ìyá Eléwé gba kèrègbè, ó bu oyin sí ọmọ náà lẹ́nu. Díẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀fun rẹ̀ ń là. Àwọn ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ láti agboolé gbogbo. Nígbà náà ni a wá gbọ́ pé ọmọkùnrin Ọláyọ́ọyè, obìnrin tó ń mọ ìkòkò nídìí odò, ti kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Mo wo Àlàmú. Ó ní, “Bí mo bá ti dìde lójú ẹsẹ̀ tí ẹ pè mí. Bí n kò bá jókòó sí ìlú yẹn. Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ mú lọ.” Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ láti jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fẹ́ fi ìdí ìbọn gbá a ni! Mo ti gbé ọwọ́.

Ọláyọ́ọyè ló dá mi dúró. Ó la àárín àwọn ènìyàn kọjá, ojú rẹ̀ gbẹ, gèlè rẹ̀ ti tú sọ́rùn. Ó di ọmọbìnrin kékeré kan mú lọ́wọ́. Ó dúró níwájú Àlàmú. Kò kí i, kò ṣépè fún un, kò sì tù ú nínú. Ó ti ọmọ náà síwájú.

Ó ní, “Èyí ṣì ń wúkọ́. Bu oyin fún un.”

Àlàmú wo obìnrin náà. Ó wo ọmọ náà. Mo rí i tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ojú mi ló ṣe. Lẹ́yìn náà ó na ara rẹ̀ ró, ó gba ṣíbí igi lọ́wọ́ Ìyá Eléwé, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu oyin. Ìgbà tí ó parí ti ẹni yìí, ó ní kí wọ́n mú ẹni tó kàn wá.

Ọ̀rọ̀ mi ti dé etí odò, n kò ní fi ẹsẹ̀ bọ omi. Ẹ dìde kúrò lórí ẹní mi, ilẹ̀ kò tíì ṣú, oko yín sì ń dúró dè yín.